Àwo Mẹ́rin Ààbọ̀

Ẹ ní kí n wí ohun tó sọ mí di onígìtá.
Àwo mẹ́rin ààbọ̀ ni.
Ẹ fi ààbọ̀ yẹn sílẹ̀ ná.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bùrọ̀dá Wàhábì, ní Pákàtà, ni mo ti fa àkọ́kọ́ jáde:
dàdàkúàdà, ikán ti jẹ páálí rẹ̀ dé ọrùn akọrin.
Abẹ́rẹ́ máa ń há síbì kan,
Ọmọ ẹni kì í— ọmọ ẹni kì í— ọmọ ẹni kì í—
títí ẹnì kan á fi fẹ̀ṣẹ́ gbá àpótí,
tí yóò sì fò lọ sínú orin mìíràn.
Mo dàgbà láìmọ ohun tí ọmọ ẹni kì í ṣe.
Ìgbà tí mo wá rí bàbá olórin náà níbi ìkómọ kan l'Ókèlélé,
tó kọ gbólóhùn yẹn tán láìdúró,
lójú tèmi, ó ṣì í kọ ni.

Èkejì kì í ṣe tiwa.
Tíṣà kan láti Ìgbàjà ló háyà yàrá ẹ̀yìn.
Bó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, ìyàwó rẹ̀ a gbé àwo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn sí i,
èmi a gbé ọlọ sábẹ́ fèrèsé wọn.
Ata ń ta mí lójú, mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin
tó ń lọ nísàlẹ̀ bí Odò Àsà lábẹ́ afárá,
tí àwọn obìnrin ń sáré kọjá lókè, tí wọn ò bojú wolẹ̀.
Mo ní, ìsàlẹ̀ yẹn ni èmi fẹ́.

Jídà ni Àlájà Sẹ̀fíà, ìyá bàbá mi, ti gbé ẹ̀kẹta bọ̀,
orin fíìmù àwọn ará Íńdíà.
Ojú kan náà ló ti máa ń sunkún.
"Ìyá, kí ló ń wí?"
"Ó ní ọmọ òun ò wálé."
"Ṣé ẹ gbọ́ èdè wọn ni?"
"Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń sunkún sí?"

Ẹ̀kẹrin, mo rà á ní téṣàn rélùwéè Ọ̀fà
lọ́wọ́ gáàdì kan tó ti fẹ̀yìn tì.
Adúláwọ̀ kan ló wà lára páálí, ó ń fun fèrè, òógùn bò ó.
Mo gbé e sí ẹ̀rọ: ẹnì kan ń fi imú kọrin
nípa ẹṣin rẹ̀ tó kú.
Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gbà pé bí aláfèrè ṣe ń ṣe nìyẹn,
kó tó di pé àwọn ẹgbẹ́ mi ní Kàdúná là mí lójú
pé àwo ẹlòmíràn ni wọ́n kì bọ páálí náà.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.
Àmọ́ títí dòní, bí mo bá gbọ́ fèrè, mo máa ń wá ẹṣin yẹn.

Ó ku ààbọ̀.
Owó irun dídì ni mo fi rà á, mi ò tíì bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀.
Bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dá a mọ́ orúnkún bí ìrèké.
Ó ní, "Mùníbátù, ọmọ ẹni kì í—"
ni ikọ́ bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.
Kò parí ẹ̀. Èmi náà ò bi í.
Mo mú apá kan. Mi ò rí ìkejì.
Ohun tí mi ò gbọ́ nínú rẹ̀ ni mò ń wá
lórí okùn mẹ́rin láti ọgbọ̀n ọdún.

Lẹ́yìn àdúà ogójì rẹ̀, a tú àpótí rẹ̀:
fìlà, tẹ̀sùbáà, awò ojú ẹlẹ́sẹ̀ kan,
àti ìlàjì àwo tí a fi láwàní wé,
tó fi Áńjẹ̀mí kọ orúkọ mi sí.
Bùrọ̀dá Wàhábì ní ká lọ ra góòmù.
Mo ní kó má ṣèyọnu.

Mo gbé méjèèjì lé orí sípíkà mi.
Bí mo bá ti fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù,
wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa kan ara wọn,
wọ́n á máa dún, díẹ̀ díẹ̀.